Àwọn Tó Wá Dúpẹ́ Fírísà

A mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn, a mọ̀ pé òùngbẹ ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ pé ọpẹ́ pa èèyàn rí? Ó pa ọkùnrin kan ní Sùúrùlérè. Kò pa á kú o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó kàn pa á débi tí ikú ì bá fi sàn díẹ̀ fún un.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Sylvester Adéníran, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á di. Orúkọ tó ń jẹ́ ní káńsù ni "Olùdarí Àgbà fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, Ìtanijí àti Ìgbélárugẹ Gbogbo Oníṣòwò." Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀kùn kò gbà á tán, ara ògiri ni wọ́n ti parí rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, Olùdarí Àgbà á bá ilẹ̀kùn lọ, "Gbogbo Oníṣòwò" nìkan á ṣẹ́kù sí ara ògiri, wọn á máa dúró dè é.

Ìgbà tí sáàpù dé nìyẹn, tí ìjọba ní kí oníkálukú fún ìgbànú rẹ̀ mọ́ ìdí. Gbogbo Èkó ló ń fún un. Ìgbànú Ọ̀gá Sylvester nìkan ni kò kárí ikùn mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́ àwọn oníṣòwò ní òwò. Òun fúnra rẹ̀ kò ta ẹ̀pà rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ẹ má bá a wí. Ẹni tó bá ń ta ọjà, níbo ni yóò ti ráyè máa kọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀?

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń kó àwọn oníṣòwò jọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ambrose, akọ̀wé Ọ̀gá, ni yóò kọ́kọ́ wọlé, á sì ké tantan: "Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ dìde! Ọgbọ́n ń wọlé bọ̀!" Gbogbo èèyàn á dìde. Ọgbọ́n á wá rọra wọlé nínú agbádá tó gba ẹnu ọ̀nà tán. Bí Ọ̀gá bá wúkọ́, Ambrose á ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́!" Bí Ọ̀gá bá sín, Ambrose á ní, "Ẹ gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe sín! Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?" Wọn kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí lóòótọ́.

"Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń táràrà nínú òkùnkùn," báyìí ni Ọ̀gá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, "kí ni òwò? Òwò ni kí ẹni tó ní fún ẹni tí kò ní, kí ẹni tí kò ní sì fún ẹni tó ní ní ohun tí ẹni tó ní kò ní!"

Ìyá aláta kan, tó ti ń ta ata kí wọ́n tó bí Ọ̀gá, fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́ ariwo."

Ọ̀gá ṣòfin pé ẹni tó bá yán lásìkò ẹ̀kọ́ yóò dìde, yóò ka oyè òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn yán lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó kà á tán. Ó tún ṣòfin pé kí àwọn ẹlẹ́ja máa jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá fèrèsé, nítorí pé òórùn ẹja kì í jẹ́ kí ọgbọ́n dé ìsàlẹ̀.

Fúnlọ́lá wà lára àwọn ará ẹ̀yìn wọ̀nyí. Ẹja yìnyín ló ń tà ní Múṣin: títùs, kòtè àti ṣáwà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ohun tó gbé e wá kì í ṣe ọgbọ́n. Fírísà ló bá wá. Àlájì Àbdùlsàmàd, tó ń yá a ní ti ara rẹ̀ láti máa kó ẹja sí, ti sọ fún un pé bí òṣù bá parí, òun àti fírísà òun ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹlẹ́ja yìnyín tí kò ní fírísà, kí ló tún kù tó ń tà? Òórùn.

Káńsù sì ti gbé ìdíje kalẹ̀. Wọ́n pè é ní Ìdíje Oníṣòwò Ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó bá borí yóò gba fírísà ńlá. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹ́gun, alága káńsù, sójà tó ti fẹ̀yìn tì tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n alága kò ráyè wá lọ́jọ́ ìdíje. Fírísà dé orí pèpéle, ó funfun báláú, ríbọ́ọ̀nù pupa wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ìyàwó tuntun. Ọ̀gá Sylvester wò ó, ó wo àwọn èèyàn, ó wo àga alága tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ kan sì ta sí i lẹ́nu.

"Fírísà yìí," ó fọwọ́ gbá àyà, "inú àpò ara mi ló ti jáde!"

Ambrose wojú rẹ̀. Ìpàtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù kúrò lórí ilé.

Òfin ìdíje kò le: kí oníkálukú ta ohun kan fún Ọ̀gá. Oníbàtà ta bàtà, Ọ̀gá ní ó há. Aláṣọ ta aṣọ, Ọ̀gá ní irú rẹ̀ wà nílé. Nígbà tó kan Fúnlọ́lá, ó yọ odindi orí títùs kan nínú ọ̀rá, ó wò ó, ó sì tún fẹ́ dá a padà.

"Kí ló dé?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè ta èyí. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí, mo ní rárá. Orí ẹja yìí kì í ṣe fún orí lásán."

Ọ̀gá fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Irú orí wo ni ò ń wá fún un?"

"Orí tó ń ronú fún odindi Sùúrùlérè ni, sà. Irú ẹ̀ ló sì wọ́n."

"Mú un wá!" ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, ẹ rò ó wò o."

"Mo ní kí o mú un wá! Ambrose, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yí ọkàn padà!"

Ó rà á, kò sì jẹ́ kí Ambrose bá òun mú un. Ọwọ́ ló fi gbé orí ẹja dání títí ìpàdé fi parí, omi ẹja ń ṣàn wọ inú agbádá. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde pé Fúnlọ́lá ti borí. Àwọn ẹlẹ́ja tó wà lẹ́bàá fèrèsé fò sókè. Àmínát, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fúnlọ́lá, gbá a mọ́ra: "Àǹtí Fúnlọ́lá, ẹ kú oríire! Àlájì lè máa lọ wàyí!"

Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè. "A kì í gbé fírísà lójijì. Lọ sílé, kí o lọ múra dè é."

Fúnlọ́lá lọ sílé, ó gbálẹ̀ ìsọ̀, ó tẹ́ pákó sílẹ̀, ó ń retí. Fírísà pẹ̀lú gbéra. Ilé Ọ̀gá ló gbà lọ tààrà. Hilda, ìyàwó rẹ̀, ni yóò ṣe ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá kò sì tíì ra nǹkan kan. Nígbà tí Hilda rí fírísà tòun ti ríbọ́ọ̀nù, ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. "Daddy! Èmi nìkan?" Ọ̀gá ní, "Ta ni mo tún ní?" Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Hilda ti ń ta yìnyín fún gbogbo àdúgbò.

Fúnlọ́lá retí títí, ó gba ọ́fíìsì lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ fírísà yẹn ló gbé mi wá."

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ti àga, ó di ojú méjèèjì. "Fírísà méjì ló wà láyé, arábìnrin. Ọ̀kan wà tí ojú ń rí, ọ̀kan wà tí ojú kì í rí. Èyí tí ojú ń rí, ìpẹtà á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kó sí ọ lọ́pọlọ, fírísà ayérayé nìyẹn."

"Ọ̀gá, títùs mi kò lè gbé inú ọpọlọ, sà."

Ambrose fò dìde. "Ẹ wo obìnrin yìí! Ọ̀gá fún ọ ní ìmọ̀, irin lò ń bèèrè!"

"Bọ̀ọ̀dá Ambrose, ẹ bá mi kó ìmọ̀ yẹn lọ sílé yín, kí ẹ sì fún mi ní irin."

Wọ́n lé e jáde.

Ẹkún ló sun dé ọ̀dọ̀ Màmá Ọmọ́níkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń gbé ní Sábó. Ẹ má fojú kéré obìnrin yìí. Bàbá tó bí i lọ́mọ jẹ́ òṣómàáló gidi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú ní àwìn, tó jẹ́ pé bí oníbàárà kò bá san án, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò sì ní dìde títí yóò fi san.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ lóṣòó tì í bíi ti bàbá yín," ni Fúnlọ́lá wí.

"Kó pe ọlọ́pàá sí wa? Rárá o. Gbèsè là ń lóṣòó fún. Ẹ̀bùn ló ní òun fún ọ, lójú gbogbo ayé. Ọpẹ́ là ń dá ẹlẹ́bùn."

"Ẹ̀bùn tí ọwọ́ mi kò tíì tẹ̀, Màmá?"

Màmá Ọmọ́níkẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé. "Fúnlọ́lá, nílé tí a ti bí wa, ẹni tó bá jẹ obì ọpẹ́ ti jẹ́wọ́ pé oore wà lọ́wọ́ òun. Ìjẹ̀ṣà onílé obì ni wá. Jẹ́ kí ó jẹ obì ná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Sylvester gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti la ẹnu láti jágbe mọ́ wọn, àfi bó ṣe rí ìyá arúgbó lórí ìkúnlẹ̀, àwọn ìyá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, Fúnlọ́lá sì gbé àwo obì dání.

"Ọ̀gá wa, ẹ kú oore àná o!" ni Màmá Ọmọ́níkẹ́ wí. "Fírísà tí ẹ fún ọmọ wa, Ọlọ́run á san án fún yín. Bó ṣe ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ayé yín á máa tutù."

"Àmín!" ni àwọn tó kù dáhùn.

"Oore yín kò ní di omi àdànù."

"Àmín!"

Ó yẹ kí Ọ̀gá sọ pé, "Màmá, ẹ kò tíì gbà á." Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi: ta ló ń fi ahọ́n lá oyin tí yóò ní kí wọ́n gbé ìgò lọ? Ara rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ wú. Ó nawọ́, ó mú obì, ó là á, ó sì jẹ ẹ́.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ó ń rẹ́rìn-ín. "Kékeré ni mo fi ṣe é."

Màmá Ọmọ́níkẹ́ wo bí eyín rẹ̀ ṣe ń rún obì náà. "Kékeré ni lóòótọ́," ni ó wí.

Ẹ mọ ilé Yorùbá. Ẹni tí a ṣe lóore, gbogbo ẹbí rẹ̀ la ṣe lóore, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹnu ẹlòmíràn dúpẹ́. Àwọn ará ilé bàbá Fúnlọ́lá wá. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ wá. Àwọn àna dé. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ rẹ̀ kọrin wá, Àmínát sì kó àwọn ẹlẹ́ja Múṣin wá láti mọ́sáláṣí tòun ti àdúrà gígùn. Ẹni tí kò bá sí nílé nígbà tí àwọn kan wá, á tún kó tirẹ̀ wá.

Ọ̀gá Sylvester kò tíì gbádùn ayé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí káfíńtà gbẹ́ pèpéle kékeré sí ọ́fíìsì òun, kí àwọn tó ń dúpẹ́ lè máa gbójú sókè. Ó pa á láṣẹ pé gbogbo òwúrọ̀ di Àkókò Ọpẹ́. Àwọn tó wá gba ìwé àṣẹ ìsọ̀, kí wọ́n lọ jókòó lábẹ́ igi. Ambrose wá di adájọ́ ọpẹ́. Á ní, "Ẹ padà, ẹ tún un sọ. Orúnkún yín kò kanlẹ̀ dáadáa." Ọ̀gá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí gbà gbọ́ pé òun ti fún obìnrin yẹn ní fírísà. Lójú rẹ̀, àìmoore ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá tún bèèrè rẹ̀.

Òṣù sì ń lọ sópin. Àlájì Àbdùlsàmàd ti ń di ẹrù.

"Màmá, a kò ní dúpẹ́ kú báyìí?" ni Fúnlọ́lá wí.

"Ó ku ìyàwó rẹ̀. A kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ká gbàgbé ìyàwó."

Wọ́n lọ kí Hilda nílé. Ọmọlúwàbí ni Hilda, kò mọ nǹkan kan. Ó fún wọn ní àga, ó ṣí fírísà ńlá kan ní pálọ̀, ó bu omi tútù fún wọn. Ríbọ́ọ̀nù pupa ṣì wà lára rẹ̀. Hilda ní ẹwà rẹ̀ kò jẹ́ kí òun lè já a. Fúnlọ́lá la ẹnu. Màmá Ọmọ́níkẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, omi yìí tutù o!"

"Ẹ ṣé, Màmá. Daddy ló fún mi lọ́jọ́ ìbí mi."

"Ọkọ yín mọ nǹkan fún ni," ni ìyá arúgbó wí. Ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n tún bu díẹ̀ sí i. "Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀."

Bóyá ọ̀ràn náà ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí bí Ọ̀gá Sylvester bá mọ ibi tí ọpẹ́ ń tó. Ṣùgbọ́n alága káńsù fẹ́ yan akọ̀wé àgbà tuntun. Ó ti pe àwọn òṣìṣẹ́ ńláńlá àti àwọn ará ìlú sí àgbàlá káńsù, kí ó lè gbọ́ iṣẹ́ tí oníkálukú ti ṣe. Ọ̀gá ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rán Ambrose sí Màmá Ọmọ́níkẹ́ pé kí òun àti gbogbo olùdúpẹ́ wá dúpẹ́ lójú alága.

Màmá Ọmọ́níkẹ́ fúnra rẹ̀ wá bi í ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, ṣé ká sọ gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá! Ẹ má fi ìkankan pamọ́!"

"Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, àgbàlá kún fọ́fọ́. Nígbà tó kan Ọ̀gá, ó dìde, ó tún agbádá ṣe ní èjìká ọ̀tún, ó tún un ṣe ní èjìká òsì. "Ọlọ́lá jùlọ, n kò ní sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò sọ ọ́."

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde wá. Ìyá arúgbó kúnlẹ̀, ogunlọ́gọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Alága, a wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ fún wa ní irú ọmọ yìí. Ó fi fírísà funfun ta ọmọ wa lọ́rẹ níbi ìdíje. Ó ní inú àpò òun ló ti jáde."

Alága gbé ojú sókè. "Àpò ta ni?"

"Tirẹ̀ ni o. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àpò náà gbẹ."

"Àmín!" ni àwọn ẹlẹ́ja wí.

Ọ̀gá Sylvester fọwọ́ ṣe sàmì pé ó tó. Màmá Ọmọ́níkẹ́ rí i, ó sì gbà á bí ìwúrí.

"Ẹ wo bó ṣe ní ìtọ́jú tó! Kò jẹ́ kí fírísà dé ọ̀dọ̀ wa, kí ilẹ̀ Múṣin má ba à ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Pálọ̀ ara rẹ̀ ló gbé e sí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wa nù ún, tó ń bá wa ta yìnyín inú rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, wọn kò já a. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti mu omi inú rẹ̀, Alága. Ó tutù dé gbòǹgbò eyín."

Ambrose, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ alága.

"Sylvester," ni alága wí, láìfi oyè kankan kún un, "níbo ni fírísà wà?"

Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ohùn rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ọlọ́lá jùlọ, fírísà méjì ló wà láyé. Ọ̀kan wà tí ojú ń rí, ọ̀kan wà tí ojú kì í…"

"Èyí tí ojú ń rí ni mo fọwọ́ sí."

"Mò ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, sà! Nítorí olè!"

"A ti rí i," ni alága wí. Ó dìde, gbogbo àgbàlá sì tẹ̀ lé e.

Nílé Ọ̀gá, Hilda bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀ láti fìlà dé bàtà. "Daddy, ẹ̀bùn ìdíje lẹ fún mi lọ́jọ́ ìbí mi?" Ó kó gbogbo yìnyín inú fírísà, ó dà á sínú bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀, ó sì yà kúrò lọ́nà fún wọn.

Alága ní kí Sylvester mú orí kan fírísà, kí Ambrose mú orí kejì.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, sà," ni Ambrose wí. "Ó ti pẹ́."

Àmínát ló mú orí kejì. Olùdarí Àgbà ká agbádá sọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń mí hẹ̀ẹ́. Fírísà gbéra nílẹ̀. Ọ̀nà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń há mọ́ wọn. Ibẹ̀ ni bárakú ti mú Ambrose. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ké: "Ọ̀gá ń gbé fírísà! Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Wọn kò pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Fírísà dé Múṣin bí Àlájì Àbdùlsàmàd ṣe fẹ́ máa so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Inú ọ̀kan ni ẹja Fúnlọ́lá ti bọ́ sí èkejì, yìnyín ara wọn kò tíì yọ́. Àlájì dúró wò ó títí. "Fúnlọ́lá, tìrẹ tóbi ju tèmi lọ," ó wí, ó sì gun ọkọ̀.

Wọn kò lé Sylvester kúrò níṣẹ́. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé káńsù, níbi tí wọ́n ń so àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n bá mú pé wọ́n ń jẹ̀ kiri títì mọ́. Tábìlì kan àti fèrèsé kan ni wọ́n fún un. Ewúrẹ́ kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, bó sì sín, etí nìkan ni wọ́n ń jù.

Ó rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ látẹ̀yìnwá, wọn kò tíì gbà á. Wọ́n ti wá gbà á báyìí. Ọpẹ́ tòótọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, bó ṣe jókòó tó ń bu omi sí ọpọ́n ewúrẹ́, ó gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, ohùn arúgbó kan sì lé téńté lórí gbogbo wọn: "Ọ̀gá wa dà? Ẹ kú oore àná o!"

Sylvester fi fèrèsé bẹ́ jáde, agbádá sì há. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì sáré gba àárín ewúrẹ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n wọlé, ìdajì apá agbádá kan ló ń mì lẹ́nu fèrèsé.

Màmá Ọmọ́níkẹ́ gbé àwo obì lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ tún un tò. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ewúrẹ́ wà níbẹ̀.

"Bá wa kí i," ni ìyá arúgbó wí. "Sọ fún un pé a tún ń bọ̀ lọ́la. Àwọn ará Iléṣà kò tíì dé."